Gígun kẹ̀kẹ́ lálẹ́ ní agbègbè Kétu: ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín láti ẹ̀yìn

Ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, òòrùn kì í wọ̀ ní àkókò kan náà jálẹ̀ ọdún. Ní oṣù Keje, ó máa ń kọjá agogo méje ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ kí ó tó wọ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá kò ní dé agogo mẹ́fà ààbọ̀ tí yóò ti fi lọ. Ẹni tó ti mọ́ lára láti kúrò lóko ní agogo mẹ́fà, tí ó sì ń délé kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò ṣàdédé rí i pé òkùnkùn ká òun mọ́ ojú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì pẹ́ lóko ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Ìrọ̀lẹ́ tiwa kì í fà gùn bíi ti ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun: láti ìgbà tí òòrùn bá ti wọ̀, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ló kù tí ojú fi lè mọ ohun tó wà níwájú dáadáa. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo máa ń fún àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mò ń kọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti abúlé, ni pé kí iná wà lára kẹ̀kẹ́ wọn láràárọ̀, yálà wọ́n ní i lọ́kàn láti pẹ́ tàbí wọn kò ní i lọ́kàn.

Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé torí kí a lè ríran ni a ṣe ń tan iná lórí kẹ̀kẹ́, a ó sì wá tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ jù lọ́jà, a ó dè é mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, a ó sì kà á sí pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó mọ ibi tí kòtò wà àti ibi tí afárá ti dín. Awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni kò mọ̀ pé ẹnì kankan wà níwájú òun. Ojú rẹ̀ ni ẹ ní láti wá ọ̀nà àtidé.

Ohun tó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí ṣẹlẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí mò ń ti Ìlárá bọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́. Tọ́ọ̀ṣì tí mo dè síwájú mọ́lẹ̀ rekete, inú mi sì dùn sí i, nítorí pé mò ń rí gbogbo kòtò kí n tó dé ibẹ̀. Aṣọ ẹlú ni mo wọ̀, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá lára mi tó bẹ́ẹ̀ tí etí okùn tí wọ́n fi di ẹrù rẹ̀ na apá òsì mi, atẹ́gùn rẹ̀ sì gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ dà sínú koríko. Awakọ̀ náà dúró níwájú, ó sáré padà wá pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iná nìkan ni mo rí nílẹ̀ lọ́hùn-ún, n kò rí ènìyàn.” Òótọ́ ló sọ. Iná mi ń tàn sórí ọ̀dà níwájú mi, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, èmi àti òkùnkùn kò yàtọ̀ síra.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ dán èyí wò ní alẹ́ ọjọ́ tí òṣùpá kò sí. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ yín ti ara igi máńgòrò kan, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú síta. Kí ẹnì kan wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sóko, kí ó dúró tì í. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ ka àádọ́ta ìṣísẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ojú yín, kí ẹ tàn án sí ibi tí wọ́n wà. Nígbà tí mo ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi, orí àti apá ẹni náà ló kọ́kọ́ pòórá. Ṣòkòtò rẹ̀ di ọ̀kan náà pẹ̀lú èèpo igi. Bàtà rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n gíláàsì pupa kékeré kan tó wà lára irin tó bo táyà ẹ̀yìn, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́ lọ, ń pọ́n rẹ̀rẹ̀ bí ẹyin iná láàárín òkùnkùn, gbogbo àwọn ọmọ náà sì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn kọ̀, ó ní iná wà nínú rẹ̀. Ó lọ síbẹ̀, ó yọ ọ́ wò, kò sì rí píìlì kankan.

Gíláàsì pupa yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rọ́bà líle ni wọ́n fi ń ṣe é, ló ń ṣe iṣẹ́ tó tóbi jù lára kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá wo inú rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé ó ní àwọn igun kéékèèké tó tò jọ bí afárá oyin. Àwọn igun wọ̀nyí ni wọ́n ń gba iná tó bá wọlé, tí wọ́n sì ń dá a padà sí ibi tó ti wá gan-an, ìyẹn ojú awakọ̀ tó tan iná náà. Kò nílò píìlì, kò nílò epo, kì í sì í jó tán. Ohun kan ṣoṣo tó ń pa á ni ẹrẹ̀ àti eruku, eruku ilẹ̀ pupa wa sì lè bò ó láàárín ọjọ́ kan. Àwọn kan máa ń so àwo CD kọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ nítorí pé ó ń dán lọ́sàn-án. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Bíi dígí ni àwo CD rí: bí iná bá bà á ní ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì ni yóò ju iná náà sí, inú igbó ni iná náà yóò sì tàn sí, awakọ̀ kò ní rí nǹkan kan.

Síbẹ̀, gíláàsì pupa nìkan kò tó, torí pé ó ń dúró de iná ẹlòmíràn kí ó tó ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ alùpùpù ló ń rìn lójú ọ̀nà wa láìtan iná, pàápàá àwọn tó ń kó epo bẹntiróòlù láti ẹnubodè, tí wọ́n to jẹ́rígáànù títí tó fi ga ju orí wọn lọ. Irú wọn kò ní iná tí gíláàsì yín yóò dá padà. Nítorí náà, ẹ so iná pupa tó ń tàn fúnra rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú. Iná LED kékeré tó ń lo píìlì méjì tó fún un. Àdéhùn àgbáyé lórí ìrìnnà ojú títì, tí wọ́n ṣe ní Vienna ní ọdún 1968, kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀: kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìjánu tó dára, aago tí ènìyàn lè gbọ́, gíláàsì pupa lẹ́yìn, iná funfun tàbí yẹ́lò níwájú àti iná pupa lẹ́yìn. Ẹ fiyè sí àwọ̀ wọn dáadáa. Mo ti rí ẹni tó so tọ́ọ̀ṣì funfun mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tó rò pé òun ti ṣe dáadáa. Awakọ̀ tó bá rí iná funfun níwájú rẹ̀ yóò gbà pé ńṣe ni ẹni náà ń bọ̀ wá pàdé òun, yóò sì ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Bí tọ́ọ̀ṣì funfun nìkan bá ni ẹ ní, ẹ fi ọ̀rá pupa wé ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dè é sẹ́yìn.

Àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan ṣì ní dínámò, ìyẹn ohun tó dà bí ìgò irin kékeré tí orí rẹ̀ ń yí mọ́ ara táyà, tó sì ń ti ibẹ̀ mú iná mànàmáná jáde. Fóòtì 6 àti wáàtì 3 ni ọ̀pọ̀ wọn ń mú jáde, wáàtì 2.4 fún iná iwájú, wáàtì 0.6 fún ti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní i, kí ó tọ́jú rẹ̀, nítorí pé kì í béèrè píìlì lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n kí ó mọ àléébù méjì tó ní: bí táyà bá tutù, orí dínámò a máa yọ̀ lára rẹ̀, iná a sì máa ṣẹ́jú, bí kẹ̀kẹ́ bá sì dúró, iná kú pátápátá. Ìgbà tí a dúró láàárín títì, tí a ń dúró kí mọ́tò kọjá kí a tó yà sọ́wọ́ òsì, sì ni ìgbà tí a nílò iná jù lọ.

Ní ti iná iwájú, ẹ dè é mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣinṣin, kí ojú rẹ̀ dorí kodò díẹ̀, kí ó lè tàn sórí ilẹ̀ ní ìwọ̀n mítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níwájú yín. Ẹ má fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, ẹ má sì fi ọwọ́ kan mú fóònù kí ẹ máa fi ọwọ́ kejì darí kẹ̀kẹ́, nítorí pé ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń di ìjánu. Iná orí tí àwọn ọdẹ wa ń lò dára ní ti pé ibi tí ẹ bá wò ló ń tàn sí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ojú awakọ̀, ojú rẹ̀ ni ẹ tan iná sí yẹn, ẹni tí ẹ sì ti fọ́ lójú kò lè yà fún yín. Bí ẹ bá lò ó, kí ó jẹ́ àfikún sí iná ara kẹ̀kẹ́.

Aṣọ funfun sàn ju aṣọ ẹlú lọ, èyí kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aṣọ yẹ́lò tó ń tàn yòò, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì ń wọ̀, máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ìmọ́lẹ̀ òòrùn ló ń jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ tàn bẹ́ẹ̀; bí ilẹ̀ bá ti ṣú, agbára yẹn ti lọ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lálẹ́ lára aṣọ náà ni ọ̀já fàdákà tí wọ́n rán yí i ká, torí pé òun náà ń dá iná padà bíi gíláàsì pupa. Bí ẹ bá rí ọ̀já yìí rà, kódà bí ó ṣe ìgbọ̀nwọ́ kan péré, ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dì í mọ́, kí ẹ tó rò ó fún àyà. Bí ẹ ṣe ń tẹ kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ yín ń gòkè, ó ń sọ̀, awakọ̀ tó bá sì rí ìmọ́lẹ̀ méjì tí wọ́n ń gòkè tí wọ́n ń sọ̀ láti òkèèrè yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ènìyàn ló ń gun kẹ̀kẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó dúró sójú kan, ó lè kà á sí òpó tàbí ìgò. Ọ̀já náà yóò sì di ẹsẹ̀ ṣòkòtò yín mú kí ṣéènì má baà fà á wọlé. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ìró, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ká etí rẹ̀ sókè, kí ẹ sì wo ẹsẹ̀ ọmọ tó jókòó sẹ́yìn kí ó má baà wọ inú wáyà táyà.

Ẹrù ni ó ń ba gbogbo ètò yìí jẹ́. Ènìyàn á ní gíláàsì, á ní iná pupa, ṣùgbọ́n nígbà tó bá di igi ìdáná tàbí àpò gbágùúdá sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹrù náà á bo méjèèjì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá di ẹrù tán, ẹ rìn lọ sẹ́yìn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá iná náà ṣì hàn. Bí kò bá hàn, ẹ tú u, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn ẹrù gan-an. Bí igi bá yọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ so aṣọ funfun tàbí ọ̀já fàdákà mọ́ orí èyí tó yọ jù ní ọwọ́ òsì, nítorí pé ọwọ́ òsì ni àwọn mọ́tò ń gbà kọjá lára yín.

Èyí mú mi dé orí ọ̀nà fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà kan sọ fún wa pé kí a kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀ kí a lè máa rí i. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni ìmọ̀ràn yẹn wà fún. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́. Ká ní mọ́tò ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, kẹ̀kẹ́ ń lọ ní kìlómítà 15, iná mọ́tò náà sì ń tàn dé nǹkan bí mítà 50 níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá jọ kọjú síbì kan náà, kìlómítà 45 ní wákàtí kan ló fi ń sún mọ́ yín, awakọ̀ náà yóò sì ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin láti ìgbà tí iná rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà yín. Bí ẹ bá kọjú síra, eré méjèèjì yóò parapọ̀ di 75, kò sì ní tó ìṣẹ́jú àáyá méjì àti ààbọ̀ tí ẹ ó fi pàdé. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ní orílẹ̀-èdè wa, ọwọ́ ọ̀tún náà ni kí kẹ̀kẹ́ gbà. Bí ẹ bá pọ̀, ẹ tò tẹ̀lé ara yín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ lágbára jù gbẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé ó dùn mọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé láti máa gun kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n lè máa tàkúrọ̀sọ. Kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ di ọ̀sán.

Etí títì gba àkíyèsí púpọ̀, pàápàá fún ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Pọ́bẹ̀. Ilẹ̀ dúdú agbègbè Ọ̀họ̀rí tó wà lọ́nà yẹn a máa wú bí òjò bá rọ̀, a sì máa sán bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí etí ọ̀dà pẹ́. Ibòmíràn wà tí ọ̀dà ga ju ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìwọ̀n ọwọ́ kan. Bí táyà bá já sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má ṣe fipá yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láti gùn padà, torí pé etí ọ̀dà yóò gbá táyà iwájú mú, yóò sì gbé yín ṣubú sí àárín títì, níwájú ẹni tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ rọra dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé e padà. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀, ẹ fi ìwọ̀n apá kan sílẹ̀ láàárín yín àti etí títì. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Onígbòlò ń gbà. Bí ẹ bá rí i pé méjì nínú wọn fẹ́ pàdé ní ibi tí ẹ wà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ẹ má bá wọn du àyè. Ẹ kúrò lórí ọ̀dà kí wọ́n tó dé, kí ẹ dúró sínú koríko títí wọn yóò fi kọjá.

Bí iná mọ́tò tó ń bọ̀ bá ń pa yín lójú, ẹ má ṣe wò ó. Ẹ gbé ojú kúrò, kí ẹ wo etí títì ní ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ sì dín eré kù, nítorí pé lẹ́yìn tí ó bá kọjá tán, ojú yín yóò ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀. Ojú tí iná ti pa lè gbà tó ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó padà ríran dáadáa nínú òkùnkùn birimù. Láàárín ìgbà yẹn, kòtò tí ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá lè dà bí ohun tí kò sí.

Àmì méjì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dájú. Ọ̀kan ni iná ẹyọ kan tó ń bọ̀ níwájú. Ẹ má ṣe yára gbà pé alùpùpù ni. Ọ̀pọ̀ mọ́tò àti ọkọ̀ akẹ́rù ló ń rìn pẹ̀lú iná kan ṣoṣo, tí ẹ bá sì fi àyè tó mọ ní ìwọ̀n alùpùpù sílẹ̀ fún un, apá kejì rẹ̀ tó wà nínú òkùnkùn ni yóò bá yín. Èkejì ni ewé. Bí ẹ bá rí ẹ̀ka igi tútù tí wọ́n tò sílẹ̀ lójú títì, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ọkọ̀ kan ti bàjẹ́ síwájú, ó sì lè jẹ́ pé kò tan iná kankan. Ẹ dẹ̀rìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ wẹ̀yìn, kí ẹ tó yà fún un.

Fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ lu aago láti òkèèrè, kí ẹ sì kí wọn, “Ẹ kú ìrìn o.” Ohùn ènìyàn a máa fi ọkàn ẹni tó wà nínú òkùnkùn balẹ̀, kò ní fò sí ibi tí ẹ kò retí. Màlúù àti ewúrẹ́ kò gbọ́ ìkíni. Tiwọn ni kí ẹ dín eré kù.

Lásìkò òjò, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìjánu kí ẹ tó dé ibi tí ẹ fẹ́ dúró sí, nítorí pé rọ́bà ìjánu kì í di irin tútù mú bó ṣe ń di èyí tó gbẹ. Omi tó bo ojú títì, ẹ kà á sí kòtò, bó ti wù kó dà bí èyí tó tẹ́jú tó. Lásìkò ọyẹ́, eruku inú afẹ́fẹ́ máa ń gbé iná mì, awakọ̀ kò ní tètè rí yín. Bí ẹ bá lè sùn sí ibi tí ẹ wà, ẹ sùn síbẹ̀. Ẹni tó bá ti mu sódàbì, kí ó fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rìn lọ sílé.

Bí táyà bá jò lójú ọ̀nà, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lórí ọ̀dà pátápátá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ẹ fi iná pupa sílẹ̀ kí ó máa tàn, kí ojú rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí mọ́tò ti ń bọ̀. Ẹ má ṣe kúnlẹ̀ sí etí títì kí ẹ kẹ̀yìn sí wọn.

Nígbà tí ẹ bá délé, kí ẹ tó wọlé lọ wẹ̀, ẹ fi aṣọ rírin nu gíláàsì pupa náà títí inú rẹ̀ yóò fi tún hàn kedere. Ẹ yọ iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, ẹ fi wọ́n sí ibi tí ẹ ó ti rí wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ gba iná sí èyí tó bá ń lo ṣájà, kí ẹ sì di píìlì tuntun méjì sínú ọ̀rá kékeré, kí ẹ so ó mọ́ abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ fún ọ̀la.